Ta Ni Ó Pa Wọ́n, Kí Ni Ó sì Fà Á? Èrò Wa Lórí Sinimá October 1

Ó ti pẹ́ tí àríyànjiyàn kan ti ń lọ láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ lórí irú ìtàn tí ó yẹ kí olùkọ́ máa kà tàbí kí ó máa wò. Àwọn kan wí pé ìtàn ìfẹ́ tí ìpànìyàn wà nínú rẹ̀ kò yẹ ẹni tí yóò dúró níwájú àwọn ọmọdé ní ọ̀la, nítorí pé kò sí ohun tí ó wà níbẹ̀ bí kò ṣe ẹ̀jẹ̀ àti ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn fẹ́ràn irú ìtàn bẹ́ẹ̀ púpọ̀púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayọ̀ wọn kò ju pé kí wọ́n tètè mọ apànìyàn lọ. Bí wọ́n bá sì ti mọ̀ ọ́n, wọn a ní ìtàn náà ti parí, kò ní adùn mọ́.

Àwa kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Èrò tiwa ni pé ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí irú ìtàn yìí dáhùn. Ta ni ó pa wọ́n? Kí ni ó mú kí ó pa wọ́n? Àwọn wo ni a pa? Ẹni tí ó bá dáhùn èkínní nìkan, àlọ́ àpamọ̀ lásán ni ó pa fún wa. Ẹni tí ó bá dáhùn èkejì pẹ̀lú, ó ti kọ́ wa ní ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dáhùn ẹ̀kẹta, òun ni ó sọ ìtàn náà tán.

Sinimá tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni October 1, èyí tí Kúnlé Afọláyan darí, tí Túndé Babalọlá kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tí a sì gbé jáde ní ọdún 2014. Ọmọ Adéyẹmí Afọláyan ni Kúnlé, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Adé Love, ọ̀kan nínú àwọn tí ó la ọ̀nà fún sinimá ní èdè Yorùbá. A yan iṣẹ́ yìí nítorí ohun mẹ́ta. Èkínní ni pé wọ́n ya nínú rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tiwa yìí, ní Ìlárá-Mọ̀kín àti ní Àkúrẹ́, yàtọ̀ sí Iléṣà àti Èkó. Èkejì ni pé olùkọ́ ni obìnrin tí ìfẹ́ inú ìtàn náà rọ̀ mọ́. Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀rọ̀ àlùfáà ni ó wà ní ìdí gbogbo rẹ̀, àwa kò sì gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé kò kàn wá. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, tí kò sì fẹ́ mọ òpin rẹ̀, kí ó pa ewé yìí dé ná títí yóò fi wò ó.

Ìtàn náà kò ṣòro láti sọ. Ó ku díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Ní Akote, ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí a fi ọgbọ́n orí dá fún ìtàn yìí, a ń rí òkú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. A ti fi ipá bá wọn lò pọ̀, a sì ti gba ẹ̀mí wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tí ń jẹ́ Dan Waziri, ọmọ ìhà Àríwá, kí ó wá fi ojú apànìyàn hàn kí a tó ta àsíá tuntun. Ní àkókò yẹn gan-an ni Adérọ̀pò, ọmọ ọba ìlú náà, ti yunifásítì dé. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti ìgbà èwe nílé: Tawa, tí ó ti di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìlú, àti Àgbẹ̀kọ̀yà, tí ó ti di àgbẹ̀ oko. Ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé láàárín Adérọ̀pò àti Tawa. Inú ìfẹ́ náà ni ikú fara pamọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí a gbà sọ ìtàn náà. Ní Etikan, ní etí omi Ìlàjẹ níbi tí a ti tọ́ wa, àlọ́ Ìjàpá ni ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nínú ìtàn sísọ, bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ kíyè sí i pé a kì í fi olè pamọ́ fún ẹni tí ń gbọ́ àlọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọmọdé ti mọ̀ pé Ìjàpá ni ó jí iṣu. Àwọn ẹranko inú ìtàn nìkan ni kò mọ̀. Adùn rẹ̀ wà nínú bí ọwọ́ yóò ṣe tẹ̀ ẹ́, àti nínú ohun tí ojúkòkòrò rẹ̀ yóò fà bá a. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yí èyí padà: ó fi olè pamọ́ fún gbogbo ènìyàn, títí kan ẹni tí ń kà á. Irú rẹ̀ kì í sì í ṣe àjèjì sí èdè wa. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti fi Lápàdé ṣe é nínú Àjà Ló Lẹrù ní ọdún 1969 àti nínú Àgbàlagbà Akàn ní ọdún 1971, Kọ́lá Akínlàdé náà sì kọ ìwé irú rẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

Ohun tí October 1 ṣe ni pé ó so ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó fi apànìyàn pamọ́ bí ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wò ó yóò ti máa fura sí ọmọ ọba náà tipẹ́tipẹ́ kí òpin tó dé, láti ìgbà náà lọ sì ni ìtàn náà ti di àlọ́: àwa ti mọ̀, Tawa kò mọ̀. Kò sí ilé sinimá ní Etikan. Bí ẹ̀rọ amúnáwá bá ń ṣiṣẹ́, ilé ẹni tí ó ní tẹlifíṣọ̀n ni gbogbo àdúgbò máa ń kún. Ẹni tí ó bá ti wo irú eré báyìí láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ̀ bí àwọn ìyá ṣe ń kígbe sí ọmọbìnrin inú àwòrán pé kí ó má bá a lọ, bí ọmọdé ti ń kígbe sí ẹran tí Ìjàpá fẹ́ tàn.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan sọ pé àbùkù ni èyí, pé sinimá náà kò mọ bí a ti ń pa àṣírí mọ́. Àwa wí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń dẹ ìgèrè mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ a máa gbòòrò kí ẹja lè wọlé, ọ̀fun rẹ̀ a sì há kí ẹja má baà lè jáde mọ́. Ìbéèrè pé ta ni ó pa wọ́n ni ẹnu ìgèrè náà. Ó ń fà wá wọlé. Ìbéèrè pé kí ni ó fà á ni ọ̀fun rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti dì wá mú. Ìtàn tí ó bá jẹ́ ẹnu nìkan, tí kò ní ọ̀fun, ẹja yóò wọ inú rẹ̀ yóò sì jáde padà. Bí a bá wò ó tán ní alẹ́, a ti gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun kejì tí a fẹ́ yìn ni pé a fi àlejò ṣe ojú tí a fi ń wo ìlú náà. Waziri, tí Sadiq Daba ṣe pẹ̀lú ọgbọ́n àti ìfarabalẹ̀, kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tí Sájẹ́ǹtì Àfọ̀njá bá túmọ̀ fún un ni ó lè mọ̀. Káyọ̀dé Ọláìyá, tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ sí Adérùpọkọ̀, ni ó ṣe Àfọ̀njá yìí. A ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá, Haúsá àti Ìgbò nínú eré náà, èdè kọ̀ọ̀kan sì ń ṣí ilẹ̀kùn kan bí ó ti ń ti òmíràn. Àlejò tí ó bá dé sí Etikan kò lè dá tu ọkọ̀ gba àárín àwọn odò wa. Ẹni tí ó mọ ojú omi ni yóò tu ú, ibi tí atukọ̀ bá sì gbé e gbà nìkan ni yóò rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Waziri rí ní Akote. Èyí sàn púpọ̀ ju ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó mọ ohun gbogbo lọ, nítorí pé ó fi hàn wá pé òtítọ́ a máa wà ní ẹnu àwọn tí a kò bi léèrè.

A sì fi ewu ìkánjú hàn wá nínú rẹ̀. A fura sí olórin kan tí ó ti Àríwá wá, nítorí pé àlejò ni, kò sì ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀. Bàbá kan tí ọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ ti sọ orí rẹ̀ di rúdurùdu sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀san lára ọkùnrin náà, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìlú tí ó bá ń bèèrè pé ta ni ó ṣe é nìkan, tí kò bèèrè ohun tí ó fà á, ẹnikẹ́ni ni ó lè fi tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Ìgbà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yà mìíràn ni ẹni tí a mú, ìdáhùn a tilẹ̀ túbọ̀ rọrùn sí i. A kò mọ ẹ̀kọ́ tí ó yẹ orílẹ̀-èdè wa jù èyí lọ, ní 1960 tàbí lónìí.

Ní ti aṣọ àti àwọ̀ inú rẹ̀, a kò ní sọ púpọ̀. Àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́, aṣọ àwọn ọlọ́pàá ayé ìgbà náà, àti àwọ̀ tí ó dàbí ti fọ́tò tí ó ti pẹ́ nínú àpótí, gbogbo wọn ń mú kí ojú wa gbà pé àkókò náà ni a wà. Àwọn kan wí pé eré náà ń fà. Lóòótọ́ ni ó ń fà, ṣùgbọ́n bí a bá ń lépa ìdí ọ̀rọ̀, kì í ṣe eré ni a ń sá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wá sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn, ìfẹ́ dàbí iyọ̀ tí a fi wọ́n ọbẹ̀ ìpànìyàn kí ó lè dùn lẹ́nu. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ìtàn náà yóò ṣì dúró. Nínú October 1 kò rí bẹ́ẹ̀. Adérọ̀pò, tí Adémọ́lá Adédoyin ṣe, jẹ́ ọmọ tí ó mọ̀wé, tí ó mọ aṣọ í wọ̀, tí ohùn rẹ̀ tutù, tí ó sì bọ̀wọ̀ fún àgbà. Tawa, tí Kẹ́hìndé Báńkọ́lé ṣe, jẹ́ olùkọ́ tí ó níyì, tí kò ya aláìmọ̀kan, tí ó mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Kí ni ì bá mú un fura? Àwa tí a ń wò wọ́n pàápàá ń tọrọ ire fún wọn. Nítorí náà, nígbà tí òtítọ́ yọ, a kò lè fi Tawa ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí ó tàn án ni ó tan àwa náà. Ìfẹ́ yìí kan náà ni ó di ọ̀nà tí ikú fi ń bọ̀ wá bá a, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó fi inú apànìyàn hàn wá, pé ènìyàn ni, kì í ṣe iwin. Bí a bá yọ ìfẹ́ náà kúrò, ìtàn náà kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró mọ́.

Kí ni ó wá fà á? Ẹnu Àgbẹ̀kọ̀yà ni Waziri ti gbọ́ ọ, ẹnu àgbẹ̀ tí gbogbo ìlú rò pé kò mọ nǹkan kan. Afọláyan fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Àgbẹ̀kọ̀yà. Ní ìgbà èwe wọn, òun àti Adérọ̀pò ni a yàn láti lọ kàwé ní Èkó lábẹ́ ìtọ́jú àlùfáà òyìnbó kan. Àlùfáà náà sì bà wọ́n jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Àgbẹ̀kọ̀yà sá padà wá sílé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni; láti ìgbà náà ni ó ti kọ̀ láti rán àwọn ọmọ tirẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́. Adérọ̀pò dúró, ó kàwé, ó gba oyè, ó sì kó ìrora rẹ̀ padà wá sórí àwọn ọmọbìnrin tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ibí yìí ni a ti gbọ́ tí àwọn kan ń bínú. Wọ́n ní a fi sinimá yìí ba orúkọ ìjọ Ọlọ́run jẹ́, pé kò yẹ kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn bí èyí. Àwa bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kò gbà. A kò gbàgbé ohun tí àwọn míṣọ́nárì ṣe fún wa. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni a ti gba ìwé kíkà, Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ bí St. Andrew's tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní ọdún 1896. Ṣùgbọ́n ilé tí ó mọ́ kì í bẹ̀rù ìgbálẹ̀. Olúwa wa fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ líle nípa ẹni tí ó bá mú ọmọ kékeré kọsẹ̀. Ó fi ọlọ àti ibú òkun ṣe àpèjúwe ìyà rẹ̀, àwa ará etí òkun sì mọ bí ibú ti jìn tó. Ẹni tí ó bá ní kí a dákẹ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí nítorí orúkọ ìjọ, kò tíì ronú sí ẹni tí ìdákẹ́jẹ́ náà ń ṣe ní oore. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Kí a má sì ṣe rò pé sinimá náà dá apànìyàn láre. Ọgbẹ́ kan náà ni ọmọ méjèèjì gbà. Ọ̀kan di àgbẹ̀ tí ó ń tọ́ ọmọ rẹ̀, èkejì di apànìyàn. A sọ ohun tí ó fà á fún wa. A kò sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Ìyàtọ̀ ńlá ni ó wà láàárín ìdí ọ̀rọ̀ àti àwáwí, àwa tí a ó máa dájọ́ láàárín àwọn ọmọdé gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n a ní ẹjọ́ kan tí a ó rò mọ́ sinimá yìí, ó sì tóbi lójú wa. Kò dáhùn ìbéèrè kẹta dáadáa. A mọ apànìyàn, a mọ ìgbà èwe rẹ̀, a mọ ìbànújẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin tí ó pa ńkọ́? Ṣàṣà nínú wọn ni a gbọ́ ohùn rẹ̀ kí ó tó kú. Kí ni wọ́n fẹ́ràn? Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń kọ́? Ta ni ó ń dúró dè wọ́n nílé? Sinimá náà rí àyè láti fi Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti hàn wá, èyí tí Deola Sagoe ṣe, a sì dúpẹ́ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin ni yóò kọ́kọ́ bèèrè orúkọ àwọn tí ó kú. Ní Etikan, bí ọkọ̀ kan bá lọ sójú omi tí kò padà, kì í ṣe irú ìjì tí ó jà ni a kọ́kọ́ ń bèèrè. Ọmọ ta ni? Ìyàwó ta ni? Èyí ni a ń bèèrè. Ìtàn tí ó bá sọ òkú di àmì ọ̀nà lásán fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó ti gba ohun kan lọ́wọ́ òkú náà tí apànìyàn kò tilẹ̀ gbà.

Ní òpin, àwọn aláṣẹ gba Waziri ní ìmọ̀ràn pé kí ó pa orúkọ apànìyàn mọ́, kí ìjà ẹ̀yà má baà bẹ́ sílẹ̀ ní àkókò tí òmìnira ń bọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ méjì ni ó wá di ọ̀kan: ọmọdé tí a bà jẹ́ dákẹ́ nítorí ìtìjú, ìjọba sì dákẹ́ nítorí àlàáfíà. Èkínní ni ó bí apànìyàn; èkejì ni ó sin àwọn tí ó pa láìsí ìdájọ́ ní gbangba.

Kí ni èyí jẹ́ fún àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́? Láti ọdún 2003 ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n òfin kì í wọ inú kíláàsì bí kò ṣe pé olùkọ́ mú un wọlé. A rọ̀ yín kí ẹ ro ti Àgbẹ̀kọ̀yà wò. Ọmọ kan sá kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, kò padà mọ́. Nínú ìwé orúkọ kíláàsì, àmì kékeré kan ni olùkọ́ yóò fi sí iwájú orúkọ rẹ̀, lójoojúmọ́, títí ìwé náà yóò fi kún; bí ẹnikẹ́ni bá sì bèèrè, a ó ní ọ̀lẹ ni, kò fẹ́ràn ìwé. Ta ni kò wá? Olùkọ́ mọ ìdáhùn náà dáadáa, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ni kò jẹ́ kí ó wá? Kò sí ààyè fún un nínú ìwé náà, nítorí náà kò sí ẹni tí ó bèèrè.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, bí a bá rán wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe sí ìlú ńlá tàbí sí abúlé etí omi tí ọkọ̀ nìkan ń dé, ẹ jẹ́ kí á máa wo irú ìtàn báyìí pẹ̀lú àwọn tí ó ti tó o wò nínú àwọn ọmọ wa, kí á sì fi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́ wọn. A sì bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa pé kí ẹ má ṣe lé irú ìtàn yìí jáde kúrò nínú ẹ̀kọ́ wa nítorí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀. Nígbà tí a bá sì mú ìwé orúkọ lọ́wọ́ ní òwúrọ̀, tí a dé orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn sí, kí á fi àmì wa sí i. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá parí, kí á lọ sí ilé ọmọ náà.